Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Kì í Gbé

Ọkùnrin tó fẹ́ àbúrò mi kì í jẹun lójú mi. Ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n fura sí i nìyẹn. Ti màmá wa yàtọ̀. Lójú tiwọn, pé ó jẹ́ Fúlàní nìkan ti tó ẹ̀rí.

Màmá ń ta pọ̀nmọ́ ní Mushin nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí náírà ṣì ṣàjèjì lọ́wọ́ wa. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan ní Surulere. Ibi tí màmá ti ń ra awọ màlúù ni àbúrò mi, tó máa ń bá wọn gbẹ́rù, ti pàdé ọkùnrin náà. Ó máa ń tẹ̀lé màlúù wá láti Òkè Ọya nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ó máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń kírun tí kì í mutí ti sàn ju ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó lọ. Wọ́n so yìgì fún wọn, kò sì pẹ́ tí bàbá fi kú. Màmá jókòó síbi yìgì yẹn bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ ti yọ dáadáa, ọkùnrin náà mú àbúrò mi wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó, ó ń wolẹ̀, ó ní òun mú un wá fún màmá. Kí ni Yorùbá tún fẹ́ bi í? Ọkọ tó bá kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ dé ilé òbí rẹ̀, ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Tòun ti oyún! Màmá gbé àpótí náà, wọ́n jù ú sí títì, wọ́n ní ọmọ àwọn kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà tó tún ń dá padà, kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Àbúrò mi ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ ò fèsì, ó ṣa aṣọ tó fọ́n ká, ó tò ó padà sínú àpótí, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé wọ́n ti wọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀.

Ó ju ọdún kan lọ tí a ò gbúròó wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó màlúù wá sọ fún màmá níbi tí wọ́n ti ń ra awọ pé àbúrò mi ti bí ọmọkùnrin, pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ náà, pé àbúrò mi gan-an kì í fọwọ́ kàn án.

"Kì í fọwọ́ kàn án kẹ̀?" Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi awọ níbẹ̀. "Wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọ mi. Wọ́n ti sọ ọ́ di ẹrú."

Èmi kì í tètè sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Màmá mú ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú títí ọkọ fúnra rẹ̀ fi kó màlúù dé, wọ́n sì sọ fún un pé tó bá ń padà, èmi yóò bá a lọ. Ó wolẹ̀, ó ní ó dáa. Ó gbà á kíákíá jù fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń di ẹrù, màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Bá mi mú ọmọ mi bọ̀. Tí o bá rí ọgbọ́n dá sí i, mú ọmọ ọmọ mi náà. Àmọ́ ọmọ mi ni kí o kọ́kọ́ mú." Mo fi ọmọ mẹ́ta tèmi ti ọkọ mi, mo fi ṣọ́ọ̀bù ti ọmọ iṣẹ́ mi, mo bá àna mi wọkọ̀ ní Ìddó.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ń wí. Ọkùnrin yìí ò wojú mi láti Èkó dé Ìbàdàn. Ó jókòó síwájú mi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tí a bá dé ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń tajà lójú wíńdò, á ra oúnjẹ fún mi, á gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á wá mú tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, á kọ̀yìn sí gbogbo wa, á jẹ ẹ́ bí olè. Ní Ọ̀fà mo sọ fún un pé kó wá jẹun níbi tí ojú mi ti tó o. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Àǹtí." Kò jẹ ẹ́. Ó gbé iṣu tó rà náà sórí ìjókòó títí ó fi gan. Èmi wá ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń fi sí oúnjẹ tí ẹni tó rà á ò lè jẹ ẹ́ lójú èèyàn. Láti ìgbà yẹn, èmi náà ò jẹ ohun tó bá rà mọ́. Mo ń jẹ gààrí tí mo dì láti ilé.

Nígbà tí a kọjá odò ní Jẹ́bà, mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ náà. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Àwọn ìyá mi mọ̀ ọ́n." Bàbá ọmọ! Mo ní, "Ìyàwó rẹ ńkọ́, ó ṣì ní orúkọ, àbí ìyẹn náà wà lọ́wọ́ àwọn ìyá rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi etí aṣọ bo ẹnu. Nígbà tí mo wá rò ó, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ rí kó pe orúkọ àbúrò mi. "Ẹni ilé" ló máa ń pè é. Ẹni tí kì í jẹun lójú ẹni, tí kì í wojú ẹni, tí kì í pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ṣé ẹ ò ní fura sí i? Ẹ má parọ́.

A dé Kánò, a tún wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn tó ń lọ sí Ǹgùrú. Ibẹ̀ ni igbó ti tán pátápátá lójú mi. Ọmọ Mushin ni mí. Kò sí ìgbà tí mo lajú tí mi ò rí ògiri ẹlòmíràn. Níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, koríko gbígbẹ dé ibi tí ojú sánmà ti kan ilẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sọ oòrùn di funfun. Mo wò ó, mo sọ nínú ara mi pé bí wọ́n bá sin èèyàn síbí, àmì wo lèèyàn fẹ́ fi mọ ibẹ̀?

Lẹ́yìn Ǹgùrú, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iyọ̀ ló gbé wa. Àwọn sójà dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀kan wo èmi, ó wo àna mi, ó ní, "Madam, who be dis man to you? You sabi am?" Inú mi ń sọ fún mi pé kí n sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, wọn ì bá lù ú bí aṣọ òfì. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bẹ̀ mí. Mo ní, "Na my sister husband." Kì í ṣe àánú ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló mọ ibi tí àbúrò mi wà.

Ibi tí ọkọ̀ ò lè dé mọ́ ni wọ́n ti gbé mi gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òun ń fẹsẹ̀ rìn níwájú, ó gbé ọ̀pá sí èjìká, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀nà ò sí níbẹ̀ tí mo rí, síbẹ̀ ó ń yà bí ẹni tó wà ní òpópónà. Omi inú kẹ́ẹ̀gì mi tán. Ó bu wàrà fún mi nínú igbá àwọn darandaran tí a bá pàdé, mo kọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, òùngbẹ sọ ìgbéraga mi di ìtàn, mo gbé igbá náà, mo mu ún tán, mo sì jókòó de ohun tí yóò ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ìyẹn náà tún ń kọ mí lóminú.

Mo rí àbúrò mi kó tó rí mi. Gáà wọn kò ju àgọ́ ẹní mélòó kan lọ, pẹ̀lú okùn gígùn kan tí wọ́n so àwọn ọmọ màlúù mọ́ nílẹ̀. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, ó ń mi wàrà nínú akèrègbè. Ó ti rù, awọ ara rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n di irun rẹ̀ bí tiwọn, ṣùgbọ́n bùbá àǹkárá tí mo rán fún un ní Surulere ló wọ̀. Nígbà tó rí mi, ó pariwo, ó sáré, ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. "Àǹtí mi! Ẹ̀yin lẹ rìn dé ibí?" Mo sunkún nígbà yẹn, kí n má parọ́.

Mo ní, "Ọmọ dà?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú àgọ́. Ọmọkùnrin pupa kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sanra, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Mo ní kó lọ gbé ọmọ náà wá fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mu omi. Nígbà tó yá, ọmọ náà ṣubú, ó figbe ta. Àbúrò mi kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ó ń mi wàrà. Ìyá arúgbó ló gbé e, ló ń rẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé òótọ́ ni màmá mi wí.

Omi ibẹ̀ ti ń tán, nítorí náà wọ́n ṣí kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwọn obìnrin wọn ò mọ ọ̀lẹ. Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n ti tú ilé, wọ́n ti di ẹní, bẹ́ẹ̀dì onígi àti igbá sórí akọ màlúù, ibi tí ilé wà ti di ilẹ̀ lásán. A wá ń rìn, ọjọ́ ń tẹ̀ lé ọjọ́, màlúù níwájú, eruku láàárín, àwa lẹ́yìn. Mo ń ṣọ́ àbúrò mi bí ẹni ń ṣọ́ ata lórí iná. Ìyá arúgbó pọn ọmọ náà. Àbúrò mi kò rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí. Tí mo bá sùn, ẹ̀gbẹ́ ìyá arúgbó ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún mi. Àgọ́ àbúrò mi wà lápá ibòmíràn. Mo ka ìyẹn sí ẹ̀rí pẹ̀lú: wọn ò fẹ́ kí èmi àti òun sọ̀rọ̀.

Níbi kànga ni mo ti rí i mú. Mo ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Kí ni wọ́n fi mú ọ?"

"Wọn ò fi nǹkan kan mú mi o, Àǹtí. Àkọ́bí ni. Níbí, ìtìjú ńlá ni kí ìyá máa gbé àkọ́bí mọ́ra lójú ayé, tàbí kó máa pe orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ò lè pè é. Mo ń fún un lọ́mú nínú àgọ́, tí kò sẹ́ni tó ń wò."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìsọkúsọ yìí?"

"Ẹ̀yin náà kì í jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ yín lójú yín."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

Mo sọ fún un pé tí a bá dé ìlú ọjà tó wà níwájú, ọkọ̀ wà níbẹ̀, èmi, òun àti ọmọ náà yóò wọ̀ ọ́. Ó fa omi rẹ̀, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti dè lọ́kàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èrò mi nìyẹn.

Nígbà tí a pàgọ́ lẹ́bàá ìlú náà, mo ní kí wọ́n pe àgbà wọn. Mi ò fẹ́ kí àbúrò mi túmọ̀ fún mi, mi ò sì fẹ́ ọkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá wọn kan wà níbẹ̀, arúgbó tó ti ta màlúù n'Íbàdàn nígbà èwe rẹ̀. Òun ló jókòó sáàárín. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ilé wa ló rán mi. Mo wá mú ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa."

Mo ti múra ìjà. Ìyá arúgbó sọ̀rọ̀ pẹ́, jẹ́jẹ́, ó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Bàbá náà tẹ́tí sí i, ó kọjú sí mi.

"Wọ́n ní ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Oyún àkọ́kọ́, ilé ìyá rẹ̀ ni obìnrin wa máa ń lọ bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló máa tọ́jú òun àti ọmọ títí ọmọ á fi rìn. Ẹ̀yìn ìyẹn lọkọ á wá mú un. Ọkọ tí kò bá mú un lọ sílé ìyá rẹ̀, ó fi àna rẹ̀ wọ́lẹ̀ nìyẹn. Ọmọ wa mú ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ màmá yín, pẹ̀lú àpótí aṣọ tó máa lò. Màmá yín ju àpótí sí títì. Àwa wá rò pé ilé yín ò fẹ́ ọmọ náà. Ìyá yìí ló ń ṣe ohun tó yẹ kí màmá yín ṣe."

Mo wo àna mi. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá náà ní, "Ìgbà tó yẹ kí ìyàwó lò lọ́dọ̀ yín, ó ti lò ó níbí. Ilé ọkọ ló wà báyìí, kò lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìyá ló máa ń tọ́ àkọ́bí. Tí ẹ bá ti wá mú un, wọ́n ní tiyín ni." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá arúgbó ti gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

Wọn ò jà, wọn ò bèèrè nǹkan kan. Mo tún fura. Mo ṣí ojú ọmọ náà wò, mo tẹ ikùn rẹ̀, mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ra adìẹ. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó wo ojú mi tí kò mọ̀ rí, ó bú sẹ́kún.

Mo kọjú sí àbúrò mi. "Ìwọ, ṣé wàá bá mi lọ?"

"Ilé mi nìyí, Àǹtí."

"Ọmọ ńkọ́? Ṣé kí n mú un lọ?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Ó sorí kọ́. "Ọmọ yín ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ojú ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀nà ọjà. Ọmọ náà ń ké, ó ń ké, mo sì rí i tí àyà bùbá tí mo fọwọ́ mi rán fún un rin ṣìnkìn, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Wàrà ọmú ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ẹkún ọmọ náà, bó fẹ́, bó kọ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára tó.

Èmi tí mo ti fún ọmọ mẹ́ta lọ́mú, ta ló tún máa parọ́ fún mi?

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo gbé ọmọ náà dìde, mo gbé e padà fún ìyá arúgbó, mo sì kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ilé wa dúpẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣì máa bá wa tọ́ ọ." Bàbá náà túmọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àbúrò mi gbé wàrà wá, èmi ló kọ́kọ́ gbé igbá fún. Ó ní "Ẹ ṣé, Àǹtí mi" jẹ́jẹ́ sí mi létí.

Ọkọ rẹ̀ ló sìn mí dé ibi ọkọ̀. Ó ra àkàrà fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Òun ò jẹ. Ẹ má rò pé mo wá fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó mọ̀ pé ìyá mi ṣì òun gbọ́, tí kò la ẹnu kó ṣàlàyé, tó jẹ́ kí a máa wò ó bí olè láti Mushin dé Ǹgùrú, irú ìtìjú wo nìyẹn? Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní, "Àǹtí, àna mi ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé wọ́n ṣe àṣìṣe?"

Nígbà tí mo dé Ìddó, mi ò kọ́kọ́ lọ sílé ara mi. Mushin ni mo gbà lọ tààrà, pẹ̀lú eruku lórí mi. Màmá ń fọ pọ̀nmọ́ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n dìde, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n lọ wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà wá.

"Ọmọ mi dà?"

Mo mú wọn jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àkọ́bí, mo sọ ti oúnjẹ, pé ìtìjú ni kí ọkùnrin wọn jẹun lójú àna tàbí kó pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ, mo sọ ti àpótí, pé kì í ṣe pé ọkùnrin náà kọ̀ ọ́, pé ìtọ́jú ló mú un wá gbà lọ́wọ́ wọn. Mo sọ ti bùbá tó rin. Wọ́n ń wò mí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi, ohun tí n kò rí wọn ṣe rí. Mo rò pé ó ń wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí mo parí, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí ibà ń ṣe mí. Wọ́n wo inú ojú mi, ojú ọ̀tún, ojú òsì, bí mo ṣe wo ti ọmọ yẹn nígbà tí mo ń wá ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n padà sídìí omi wọn.

"Èmi ni mo rán ọ lọ," màmá wí. "Àwọn ló rán ọ bọ̀."